Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Lábẹ́ Ìbòjú

Ilé tí a gbé ní Goresbrook nílùú Ọba lọ́dún tí mò ń sọ yìí kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná kiri inú ilé á ti máa kùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, á máa dún gbà, gbà, bí ẹni pé ẹnì kan há sínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, agogo ọwọ́ Mọ́mì á dún lẹ́ẹ̀mẹta ní pálọ̀, torí ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ, Mọ́mì kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó gbàdúrà àárọ̀. Dádì á wọlé láti ibi iṣẹ́ òru, á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Praise God" láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá àti bàbá àwọn ẹlòmíràn ló ń wẹ̀ fún wọn, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ wọn, òun ló ń bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Ẹ̀yìn gbogbo ariwo yìí la tó máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá Àgbà, ìyá tó bí Dádì, tó ń bọ̀ láti yàrá ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì máa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

Ohun tó máa ń ṣe níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ dáadáa. Á fi ọwọ́ òsì di férémù ilẹ̀kùn mú, á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pá, pá. Á gbé ẹsẹ̀ òsì náà sókè, pá, pá. Á wá tẹ ọrùn, á yọjú wo inú kíṣìnì, á ní, "Ẹ kú ilé o," á sì dúró. Kò ní wọlé àfi tí ẹnì kan bá dá a lóhùn pé, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ẹni tó ń ti oko dé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó má baà kó iyẹ̀pẹ̀ wọ yàrá. Ní ilé wa, orí kápẹ́ẹ̀tì ló ti rìn láti yàrá rẹ̀ dé kíṣìnì, ìrìn náà kò sì tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mọ́mì ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Ó ní nínú Bíbélì, ẹni tó bá gbọn eruku ẹsẹ̀ sílé èèyàn, ilé yẹn ló ń gégùn-ún fún. "Mà, ẹ jọ̀ọ́ now, ẹ má gbọn ẹsẹ̀ sí mi nílé mọ́, it's not good." Màmá Àgbà á bojú wò ó tìyanutìyanu. "Ṣé kí n kó iyẹ̀pẹ̀ wọlé fún ẹ ni, ìyàwó?" Èmi á ti máa rẹ́rìn-ín sínú abọ́ oúnjẹ mi. Mo máa ń sín ìṣe rẹ̀ jẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé Dádì pàápàá máa ń rẹ́rìn-ín, tó bá ti wò yíká pé ìyá rẹ̀ ò rí wa.

Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n ní kó wá lò lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó dé láti Òkè-Ògùn, pẹ̀lú èlùbọ́, gààrí, irú tí wọ́n dì ní ìdì mẹ́ta, àti ìròyìn gbogbo ará ilé. Nígbà tí mo fi máa pé ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì lọ. Ìwé ìgbélùú Dádì wà lọ́dọ̀ ìjọba, Dádì ò lè jáde kó tún padà wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ń ra lé lọ́wọ́ lójú ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Iyè rẹ̀ ti ń ra lóòótọ́. Lọ́jọ́ mìíràn á fi bàtà sínú fíríìjì, á pe Mọ́mì ní orúkọ àbúrò tirẹ̀ tó ti kú. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ó máa ń jókòó sórí ibùsùn, á máa ka àwọn yàrá ilé rẹ̀ lórí ìka: yàrá ti bàbá, yàrá tèmi, yàrá tí a ń kó àgbàdo sí, ibi ìdáná, igi ọsàn. Tó bá dé orí igi ọsàn tó sì rí i pé ìka kan ṣẹ́kù, á tún un kà. Kò tọrọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wa. Kò tọrọ aṣọ, kò sọ pé oúnjẹ ò dùn. "Akin, ọjọ́ wo la ń lọ?" ni ìbéèrè rẹ̀ fún Dádì láràárọ̀. Dádì á ní, "Oṣù tó ń bọ̀, Màmá, by God's grace." Lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ aṣọ iṣẹ́ Dádì mú, kò sì jẹ́ kó lọ sùn. "Jẹ́ n délé kí n tó gbàgbé ibẹ̀, Akin." Mo rí ojú bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Èmi tí mo ti dàgbà tán yìí, tí èmi náà ti ń sọ "oṣù tó ń bọ̀" fún àwọn èèyàn, mo mọ ohun tó wà lójú ẹ̀. Nígbà náà, mo rò pé oorun ló ń kùn ún ni.

Ọdún yẹn náà ni Àǹtí Mísúkù wá háyà yàrá ẹ̀yìn lókè. Ará Kòríà ni. Mi-suk lorúkọ rẹ̀ gan-an, ẹnu Màmá Àgbà ló sọ ọ́ di Mísúkù, a sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ fún èèyàn ní Barking ló ti ń ṣiṣẹ́, áyọ́ọ̀nù ló ń dì mú látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó dé, ó gbé ike kan sínú fíríìjì wa, ẹ̀wà tí wọ́n sè tí wọ́n sì jẹ́ kó rà dáadáa ló wà níbẹ̀. Mọ́mì ṣí fíríìjì, ó pariwo. "Jésù! What has died in my fridge?" Ó ti di ike náà mú, ó fẹ́ dà á nù, nígbà tí Màmá Àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n. Ó pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀. "Irú ni," ó ní. "Ẹni tó ṣe é ò mọ̀ ọ́n ṣe tó, ṣùgbọ́n irú ni." Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìdì irú tiẹ̀ fún Àǹtí Mísúkù, Àǹtí Mísúkù fi imú sí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n á jókòó sí kíṣìnì pa pọ̀, ẹnì kan á máa bó àlùbọ́sà, èkejì á máa sọ̀rọ̀, kálukú ní èdè tirẹ̀. Tí mo bá ní ká sọ ìgbà tí ilé yẹn dùn, ìgbà náà ni, kò sì pẹ́.

Ijó ìbòjú ni iṣẹ́ Àǹtí Mísúkù gan-an, aṣọ lílọ̀ kàn ń fún un lóúnjẹ ni. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, ó máa ń kó àwọn ará ìlú rẹ̀ mélòó kan àtàwọn ọmọ àdúgbò jọ sínú gbọ̀ngàn kan nítòsí ilé ìtajà Vicarage Field, níbi tí Mọ́mì ti ń ta bàtà, á máa kọ́ wọn. Ó ṣàlàyé ijó náà fún mi lẹ́nu àtẹ̀gùn, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń rìn wọ́rọ́wọ́rọ́. Àwọn tó ń jó á fi ìbòjú bo ojú, wọ́n á jáde síta gbangba, wọ́n á máa fi àwọn ọlọ́lá àtàwọn àlùfáà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá arúgbó kan wà nínú ẹ̀, ojú ìbòjú rẹ̀ dúdú bí aró, àmì funfun sì wà lára rẹ̀ tótòòtó. Ó ń wá ọkọ rẹ̀ tó sọnù káàkiri ayé. Nígbà tó máa fi rí i, ọkọ ti fẹ́ ọmọdébìnrin. Wọ́n á jà, wọ́n á lù ú, á ṣubú, á kú. Àwọn òǹwòran á sì rẹ́rìn-ín títí, torí bó ṣe ń ju ìdí kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "Láti kékeré ni mo ti ń wò ó bí wọ́n ṣe ń pa obìnrin yẹn," ó sọ fún mi. "Kò délé rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo, mo fẹ́ kó délé." Ọ̀gá tó kọ́ ọ níjó ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun kún ijó náà, wọ́n ti dìídì bá ara wọn jà lórí ẹ̀, ìyẹn sì wà lára ohun tó gbé e dé ìlú Ọba. Ó ti wá ń wá ìṣísẹ̀ tuntun tó máa mú obìnrin yẹn délé láti ọdún mélòó kan, kò sì rí i. Gbogbo èyí tó bá dá fúnra rẹ̀, ó ní ó ń dà bí ijó tẹlifíṣọ̀n.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ń po tíì ní kíṣìnì tí Màmá Àgbà dé ẹnu ọ̀nà. Pá, pá. Pá, pá. Ó tẹ ọrùn, ó yọjú, ó kí ilé, ó dúró. Àǹtí Mísúkù ti rí i rí, gbogbo wa la máa ń rí i, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó ṣe bí ẹni pé ẹnì kan gbá a létí. Kò dáhùn, ó kàn ń wò ó, ó ń wo ọwọ́ tó di férémù mú, ó ń wo ọrùn. Èmi ni mo wá ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," tí Màmá fi wọlé. Nígbà tó di ọ̀sán, Àǹtí Mísúkù pè mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti rí ẹ níbi tó o ti ń ṣe é. Kọ́ mi." Mo sì kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ tí àwọn oníjó ń sọ pé wọ́n dá nǹkan tuntun sílẹ̀, mo máa ń bi ara mi pé ta ni wọ́n rí i lára rẹ̀, ṣé wọ́n sì tọrọ.

Orúnkún Àǹtí Mísúkù ti bà jẹ́, kò lè fi ẹsẹ̀ kan dúró. Bí mo ṣe di ẹni tó máa jó ìyá arúgbó náà nìyẹn. Mọ́mì ò kọ́kọ́ gbà. "Mummy, it's just drama, I swear," mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tó máa gbà, ó ní, "Dance kò burú. Àmọ́ that egúngún face, kò gbọ́dọ̀ wọ ilé mi. Over my dead body." Torí náà inú páálí ní gbọ̀ngàn ni ìbòjú náà ń gbé, Màmá Àgbà ò sì fojú kàn án. Páálí tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra ní ìpele ìpele ni ìbòjú náà, ó ń rùn bí ìwé tó tutù, tí mo bá sì fi bójú, èémí mi á máa padà sí mi lójú. A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo yẹn. Àǹtí Mísúkù ní kí n kọ́kọ́ tẹ orúnkún kí n tó gbé ẹsẹ̀, torí ijó wọn máa ń lọ sílẹ̀ kó tó gòkè. Ó yọ ìró gbígbá ẹsẹ̀ kúrò lórí ìlù, ó fi sí àárín ìlù àti ìlù, kó lè dà bí ohun tí ẹnì kan ń ṣe láìmọ̀. Apá tó le jù, ó ní, ni ìdúró tó kẹ́yìn, níbi tí arúgbó ti ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn. "O ń sáré kúrò níbẹ̀. Ka oókan dé eéje. Ṣe bí ẹni pé o ò mọ̀ bóyá ẹnì kankan wà nínú ilé yẹn." Bàbá arúgbó tó ń lu ìlù fún wọn ò fẹ́ ẹ. Ó ní ìyẹn ò sí nínú ijó àwọn. Àǹtí Mísúkù ní, "Gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹnì kan ló kọ́kọ́ fi síbẹ̀." Ó sì tún kọ́ mi ní òfin kan: lọ́dọ̀ wọn, àwọn òǹwòran lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo, láti bá ẹni tó wà nínú ìbòjú sọ̀rọ̀, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Kò gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dán mi wò lórí èyí léraléra, á bi mí ní ìbéèrè òjijì, èmi á sì fi ohùn arúgbó fèsì.

Ọ̀sán Sátidé la ṣe é. Dádì ò lè fi Màmá Àgbà nìkan sílẹ̀ nílé, ló bá mú un wá, ó jókòó tì í ní ìlà ẹ̀yìn. Mọ́mì yọ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, ó di apá mọ́ àyà. Mo jáde, mo ju ìdí bí wọ́n ṣe kọ́ mi, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àwọn ará Kòríà ń pariwo "Ólsù! Ólsù!" láti fi gbé mi lárugẹ. Mo wá ọkọ, mo rí ọkọ, a jà. Níbi tó yẹ kí n ti kú, n ò kú. Ìlù náà rọlẹ̀. Mo rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà tí kò sí níbẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì di férémù tí kò sí mú. Pá, pá. Pá, pá. Mo tẹ ọrùn, mo yọjú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ lọ́nà tí n ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí a fi kọ́ ọ. Mo ti kà á dé ẹẹ́rin.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

Màmá Àgbà ti dìde. Dádì di ọwọ́ rẹ̀ mú, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, sit down," ó já a gbà, ó rọra ń bọ̀ láàárín àwọn àga, àwọn èèyàn ń yà fún un, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó wà nínú eré ni. Ó dé iwájú mi, ó kúnlẹ̀ lórí pákó. Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, arúgbó kúnlẹ̀ fún mi. "Ìyá," ó ní, "ẹ kú ìrìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ọ̀nà. Ṣé ẹ ti wá mú mi ni?" Mo wo ẹ̀gbẹ́ láti inú ihò ojú ìbòjú, mo rí Àǹtí Mísúkù. Kò mọ ohun tí Màmá sọ. Òfin rẹ̀ ló mọ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ń mì í: dáhùn, dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ Màmá, mo fi ẹnu ìbòjú sún mọ́ etí rẹ̀, mo fi ohùn arúgbó tí wọ́n kọ́ mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mo ti wá mú ọ. A ń lọ sílé." Ó ní, "Nígbà wo?" Mo ní, "Lọ́la." Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn, ìlù gòkè, mo sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde sínú oòrùn, bí a ṣe fètò rẹ̀, ìyá arúgbó ti lọ sílé. Wọ́n ní àwọn kan ń sunkún. Èmi ń fò sókè ní ìta, inú mi dùn gan-an, mo rò pé mo ti ṣe dáadáa.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, Màmá Àgbà ti wọ kóòtù, ó ti wé gèlè, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú báàgì oníláìnì ńlá tó gbé wá láti ilé. Ó ti di gbogbo ẹrù rẹ̀, kò gbàgbé nǹkan kan, àní ó ká aṣọ tó lọ̀ dáadáa. "Màmá, níbo lẹ ń lọ?" Dádì bi í. "Wọ́n ní ká máa lọ lónìí." Dádì tú ẹrù náà. Lọ́jọ́ kejì ó tún dì í. Bó ṣe ń rí láràárọ̀ nìyẹn, látìgbà tí ewé ṣì wà lórí igi títí òtútù fi dé. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn tutù, atẹ́gùn máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kò sì gbà kí wọ́n gbé òun kúrò níbẹ̀. Dádì pè mí sínú kíṣìnì. "Ṣadé, what did you tell her that day?" Mo ní, "Nothing, Daddy. I didn't say anything." Ó gbà mí gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà mí gbọ́? Gbogbo wa la gbà pé orí Màmá ti lọ, pé ó rí ìyá rẹ̀ tó kú nínú ojú dúdú yẹn.

Mọ́mì mọ ẹni tó jẹ̀bi ní tirẹ̀. Ó ní ará Kòríà yìí ló gbé ojú òkú wọ ọmọ òun lójú, òun ló pe ohun tí kò yẹ kó pè. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sun tùràrí títí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná fi ń ké lórí wa. Lẹ́yìn ààwẹ̀ náà ló sọ fún un pé kó lọ wá ibòmíràn. "Sister, I don't have anything against you, but you have to go." Kí Àǹtí Mísúkù tó lọ, ó pè mí sẹ́nu àtẹ̀gùn wa, ó bẹ̀rẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. "Kí ni ìyá bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn? Kí lo fi fèsì?" Ká ní mo sọ òótọ́ fún un, ó lè ti bá mi wá nǹkan ṣe. Ó lè kàn dì mí mọ́ra. Mo ní, "She said hello. I said hello." Ó mi orí, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, Mọ́mì sì da ike ẹ̀wà rẹ̀ nù kó tó dé ìkángun àdúgbò. Mi ò rí i mọ́. Mo jẹ́ kó ru ẹ̀bi mi lọ, ojú ṣì ń tì mí, kò sì sí àdúrà tí mo gbà lórí ẹ̀ tó gbé e kúrò.

Òtútù wọ Màmá láyà ní àárín ìgbà òtútù. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì padà wá. Ilẹ̀ ìlú yìí la sin ín sí, ilẹ̀ amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà gbogbo wa, Dádì sì ń sọ níbẹ̀ pé àwọn máa hú u lọ sílé lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó hú u. Ìwé Dádì jáde nígbà tó yá, ó lọ sílé ẹ̀ẹ̀kan, ó padà dé, kò sì lọ mọ́. Barking Riverside ni mo ń gbé báyìí, níbi tí relùwéè parí sí, láàárín àwọn fúláàtì tuntun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú máa ń fi fọ́tò ìyá wọn hàn mí lórí fóònù, wọ́n á ní, "Àǹtí, once I settle, màá mú wọn wá." Mo máa ń dá fóònù wọn padà fún wọn. Lọ́dún tó kọjá, mo rí fídíò kan. Ọkùnrin kan tí n ò mọ̀ rí ló ń jó ní pápá kan ní Kòríà, ó fi ìbòjú ìyá arúgbó bójú. Ó di afẹ́fẹ́ mú lọ́wọ́ òsì, ó gbá àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ ọrùn, ó dúró. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Àwọn èèyàn ń pariwo. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ijó àtayébáyé ni, ti àwọn baba ńlá wọn. Mo wá orúkọ Àǹtí Mísúkù níbẹ̀, n ò rí i. Ti Màmá Àgbà kò tilẹ̀ ṣeé wá. Mo pa fóònù, mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì mi, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ohun kan ṣẹ́kù tí n ò tíì sọ fún bàbá mi, tí n kò sì mọ̀ bóyá màá sọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbé Màmá lọ sí ọsibítù. Dádì ń sùn, Mọ́mì ti lọ síbi iṣẹ́, èmi ń wọ bàtà ilé ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti rù, kóòtù náà ti tóbi jù fún un. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo wà nínú ìbòjú yẹn. Kì í ṣe ìyá yín. Èmi ni mo sọ pé ọ̀la ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká tú ẹrù."

Ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere lọ́jọ́ yẹn, ó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ.

"Ṣadé, mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣé mi ò ní mọ ọwọ́ ọmọ mi ni? Nílé wa, wọn ò jẹ́ kí obìnrin dárúkọ ẹni tó bá wà lábẹ́ aṣọ egúngún, ìyẹn ni mi ò fi sọ fún bàbá ẹ."

"Kí ló wá dé tí ẹ ń di ẹrù?"

"Bàbá ẹ ti ń sọ oṣù tó ń bọ̀ fún mi, mo sì mọ̀ pé kò rí i ṣe ni. Ìwọ ò parọ́ fún mi rí." Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó gbìyànjú láti dìde. "Ṣé o ti ṣetán?"

Mo ní mò ń lọ sílé ìwé.

"Kò burú," ó ní, ó tún jókòó, ó sì de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ títí dé ọrùn. "Tó o bá ti dé, a ó máa lọ."

Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé ìwé.